Ẹsẹ̀ Onígi Méjìlélọ́gọ́ta

Ọjọ́rú ni lẹ́tà kọ́ọ̀tù dé, ẹrù sì ti pòórá láti ọjọ́ ìṣẹ́gun.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù bàtà yìí títí adájọ́ yóò fi pín dúkìá tọkọtaya náà." Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà wí, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Ẹni tó mú un wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó má baà ṣí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà ti ṣófo.

"Ọjọ́ kan péré!" Lọ́yà ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ọ́fíìsì rẹ̀. "Ọjọ́ kan péré, Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì!"

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Tọ́ọ̀ṣì ń wò ó. Ó lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó ń dá ìwádìí ṣe. Bí nǹkan bá sọnù tí gbogbo èèyàn wá a tì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Ó ní ìwà kan tó máa ń sú Lọ́yà: kó tó bi èèyàn ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà.

"Kí ló sọnù gan-an?" ó béèrè níkẹyìn.

"Ẹsẹ̀," ni obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wí. "Ẹsẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta."

Tọ́ọ̀ṣì yíjú sí i. Obìnrin náà á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Orí ìka rẹ̀ ti le bí èékánná nítorí awọ tó ti ń rán láti ìgbà ọ̀dọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí.

"Ẹ má fòyà," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹsẹ̀ onígi ni. Oníbàtà tó bá mọ iṣẹ́ kì í ṣáà ti gé awọ. Á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹsẹ̀ oníbàárà sára igi, ọ̀tún àti òsì. Orí ẹ̀ la máa ń mọ bàtà lé. Ẹsẹ̀ èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí pẹpẹ yẹn. Tí wọn ò bá sí, kò síṣẹ́."

"Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí?"

"Ọkọ mi. Ẹni tó jẹ́ ọkọ mi tẹ́lẹ̀. Ẹ má bínú, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pè é."

Lọ́yà jókòó wàyí. Ọmọdé ni nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n tó bá ti kan òfin, ohùn rẹ̀ á dàgbà. "Bó ṣe jẹ́ nìyí, Àǹtí. Ohun tí èèyàn ti ní kó tó gbéyàwó, tirẹ̀ ni. Ohun tí òbí fi sílẹ̀ fún un, tàbí tí ẹnì kan fi ta á lọ́rẹ, tirẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí tọkọtaya bá jọ ṣe lẹ́yìn ìgbéyàwó, àwọn méjèèjì ló ni ín. Ilé ṣọ́ọ̀bù yẹn, bàbá ọkọ ló fi sílẹ̀ fún ọkọ. A ò bá a du ìyẹn. Àwọn ẹsẹ̀ yìí ni ìyá lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn níbòmíràn. Ọkọ ní bàbá òun ló ni gbogbo ẹ̀. Ìyá ní àwọn jọ gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ẹtì, adájọ́ fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí wọn."

"Tí kò bá wá rí wọn ńkọ́?"

"Adájọ́ kì í fẹ́ràn ẹni tó bá ń gbé dúkìá pamọ́. Ó lè ní kí ọkọ fi ṣọ́ọ̀bù dípò wọn fún ìyá."

"Ìyẹn ni pé tí mi ò bá rí ẹrù yìí, ẹ̀yin lẹ máa jèrè."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín bà mí jẹ́," Lọ́yà ní, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi wá wọn rí. Mi ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́."

*

Oníbàtà náà jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà kan. Kò gbójú sókè nígbà tí Tọ́ọ̀ṣì wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá."

"Gìgísẹ̀ òsì ń jẹ yín níyà," ó ní. "Bàtà yẹn gbòòrò jù lẹ́yìn. Tí ẹ bá dúró, ẹ máa ń fara ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún."

Tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lóòótọ́ ló fara ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, bí ayò-títa ṣe ń dùn mọ́ èèyàn tó bá pàdé ọ̀tá tó mọ̀ ọ́n ta.

"Wọ́n ní kí n wá wo pẹpẹ."

"Ẹ wò ó. Òun nìyẹn."

Pẹpẹ náà gùn láti igun kan dé èkejì. Eruku ti kún un, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ẹsẹ̀ onígi wà tẹ́lẹ̀ mọ́ roro, ó dà bíi pé àwọn èèyàn tí a kò rí tò sórí ìlà. Tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ba, ó fi ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn. Kò sí ibi tí eruku ti fà. Ẹni tó kó wọn gbé wọn sókè ní méjì-méjì, ọ̀tún pẹ̀lú òsì, kò sì wọ́ ọ̀kankan nílẹ̀. Olè wo ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀? Wọn kò já ilẹ̀kùn náà.

"Èèyàn mélòó ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Mẹ́ta. Èmi, ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin."

"Ta lẹ rò pé ó kó o?"

"Èmi kọ́ ni ọlọ́pàá."

"Èmi náà kọ́ o. Mo ti fi sílẹ̀."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Tọ́ọ̀ṣì fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, èyí tí akọ̀wé kọ́ọ̀tù kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tó wá ka gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó kà á sókè. "'Tábìlì, ọ̀kan. Máṣíìnì tí wọ́n fi ń rán awọ, méjì. Àga, mẹ́ta. Ògbólógbòó bàtà, kò wúlò. Ege igi, méjìlélọ́gọ́ta...'"

Òòlù dúró lọ́wọ́ Oníbàtà. "Ege igi! Ẹ ṣáà rí i. Ó dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí, ó kọ ẹsẹ̀ èèyàn sílẹ̀ ní ege igi. Bíi pé a fẹ́ fi dáná!"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó, ó sì ń kàn án kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún bàtà rẹ̀ so. Lábẹ́ tábìlì, nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, àjákù awọ wà níbẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ó mú mẹ́ta nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́bọ̀, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì títì ló fún un ní ohun tó dà bí ìdáhùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìṣẹ́gun, ó rí ẹ̀gbọ́n Oníbàtà tó ń ti bárò jáde láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi aṣọ bo ohun tó wà nínú rẹ̀.

*

"Ṣé mo jọ olè lójú ẹ ni, ọmọ yìí?"

"Rárá, mà. Ẹ jọ ẹni tó ti bárò."

Àǹtí Àgbà, bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń pè é, di ìbàdí mú sí ẹnu ọ̀nà. Ó sanra, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbínú rẹ̀ kò sì jinlẹ̀. "Wọlé. Wọlé kí o wá wo ẹrù olè."

Àga ni, àga onígi tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, tí irun ẹṣin inú rẹ̀ ń yọjú. "Bàbá mi jókòó lórí ẹ̀ fún ogójì ọdún. Mo gbọ́ pé akọ̀wé kan ti wá, ó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n tó pín bàbá mi mọ́ ẹrù tọkọtaya, ẹ jẹ́ n tètè wá mú un. Ṣé ìyẹn lòdì sófin?"

"Ní ọjọ́ ìṣẹ́gun, kò lòdì. Lẹ́tà kò tíì dé." Tọ́ọ̀ṣì bọ́ sórí ìkúnlẹ̀, ó wo abẹ́ àga náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi aláǹtakùn. "Nígbà tí ẹ lọ gbé e, ṣé àwọn ẹsẹ̀ onígi ṣì wà lórí pẹpẹ?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ ọmọ." Àǹtí Àgbà jókòó, ó mí kanlẹ̀. "Àbúrò mi yẹn kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ràn èèyàn, bàtà onítọ̀hún ló máa tún ṣe. Ó gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mi ò gbọ́ ọ rí kó bi í pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́. Ká ní ọkọ mi ló ṣe mí bẹ́ẹ̀, á ti sú mi tipẹ́."

"Kò sọ nǹkan kan fún yín lọ́jọ́ náà?"

"Ìsọkúsọ kan báyìí. Ó ní, 'Àǹtí Àgbà, tí wọ́n bá pín ege igi méjìlélọ́gọ́ta sí méjì, mélòó ló máa kan ẹnì kan?' Mo ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ta ni ò mọ̀yẹn? Ojú ẹ̀ kàn rí bákan."

Tọ́ọ̀ṣì dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

*

"Mo ti mọ ohun tó ń ṣe!" Lọ́yà pariwo nígbà tó rí àjákù awọ lórí tábìlì rẹ̀. "Ìyá, ẹ sọ fún wọn."

Ìyá Abẹ́rẹ́ mú ọ̀kan, ó fi ìka nù ún. "Ẹsẹ̀ èèyàn kì í dúró lójú kan. Ó ń tóbi, ó ń wú, ó ń tẹ́. Tí ti oníbàárà bá ti yí padà, a kì í gbẹ́ igi mìíràn. A máa ń lẹ awọ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ níbi tó ti yọ. Èmi ni mo máa ń lẹ̀ ẹ́. Àní lára méjìlá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi wà níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́!" ni Lọ́yà wí. "Ó ń bó iṣẹ́ ọwọ́ wọn kúrò, kí adájọ́ lè rí igi bàbá rẹ̀ nìkan!"

Èrò náà dára. Tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́ fún odindi alẹ́ kan. "Ẹ yí i padà," ó ní. "Awọ tí wọ́n bá bó kúrò lára igi, gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Eléyìí mọ́ lójú méjèèjì. Àjákù awọ tuntun ni. Ẹni yìí kò bó nǹkan kan kúrò, ó ń lẹ̀ ẹ́ kún un ni."

"Fún ta ni? Kò gba iṣẹ́ tuntun láti oṣù mẹ́ta."

Tọ́ọ̀ṣì ń wo abẹ́ tábìlì. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrò nínú bàtà, ó ń fi èkejì rọra ra á. Kókó pupa kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ìgbà wo nìyẹn bẹ̀rẹ̀?"

Ìtìjú mú obìnrin náà, ó tètè wọ bàtà rẹ̀ padà. "Kò tíì pé ọdún kan. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni. Àwọn bàtà tí mo kó kúrò níbẹ̀ ti gbó, bàtà ọjà ni mo ń wọ̀, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí mo ti ń bá wọn rán aṣọ."

"Ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà?"

"Ọ̀nà kan náà ló wà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù."

*

Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀ náà, Tọ́ọ̀ṣì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò lọ síbi pẹpẹ. Ó lọ síbi àgbékọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn ògbólógbòó bàtà wà. Oníbàárà tó bá gba tuntun níbẹ̀ á fi ti àtijọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè máa fi wo àwòṣe. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ti dúró níwájú wọn, ó kọ "kò wúlò", ó sì kọjá.

"Ọ̀gá, bàtà yìí ti tó ọdún mélòó?"

"Mẹ́jọ," ni Oníbàtà wí. Òòlù rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ọdún mẹ́jọ, ó sì dúró ṣánṣán báyìí? Tèmi tí kò tíì pé ọdún méjì, tí mo bá bọ́ ọ, ṣe ló máa ń wó lulẹ̀ bí ẹni tó mutí yó." Ó na ọwọ́, ó gbé e. Bàtà náà wúwo. Ó wo inú rẹ̀, igi dídán sì wò ó padà.

Tọ́ọ̀ṣì ka àwọn bàtà náà láti òkè délẹ̀, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Gbogbo wọn ló wúwo.

"Ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà lẹ kó wọn sí," ó ní jẹ́jẹ́. "Kálukú sínú bàtà tirẹ̀. Ẹ ò tilẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ ẹnì kan sínú bàtà ẹlòmíràn, kódà nígbà tí ẹ̀rù ń bà yín. Kí ló bà yín lẹ́rù? Ẹ rò pé kọ́ọ̀tù máa ya ọ̀tún kúrò lára òsì, àbí?"

Oníbàtà gbé òòlù sílẹ̀. "Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Ege igi, méjìlélọ́gọ́ta. Wọ́n ní kọ́ọ̀tù ń pín gbogbo nǹkan sí méjì ọgbọọgba. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún èmi, mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún òun. Tí wọ́n bá kó gbogbo òsì fún ọ̀kan nínú wa ńkọ́? Èmi ò níṣẹ́, òun náà ò níṣẹ́. Mo ní kí n fi wọ́n pamọ́ títí ẹni tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni máa fi dé."

Ẹ̀rín gbé Tọ́ọ̀ṣì lọ́fun, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà kò gba ẹ̀rín. "Ẹ̀ bá ti bi lọ́yà yín."

"Èmi kì í tètè bi èèyàn ní nǹkan."

"Mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀." Ó fa àga kan, ó jókòó níwájú rẹ̀. "Ọgbọ̀n ni mo kà níbẹ̀, Ọ̀gá. Ó ku ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ẹni tó ku yìí kò ní ògbólógbòó bàtà kankan níbí, nítorí ó kó gbogbo bàtà rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ríbi tọ́jú tirẹ̀ sí."

Ọkùnrin náà tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjì kékeré jáde láti orí itan rẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

Tọ́ọ̀ṣì gbé èyí tó jẹ́ ọ̀tún síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ kọ ọdún sí gìgísẹ̀ rẹ̀, ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn. Lórí igi náà ni awọ wà, ọ̀kan lórí ìkejì. Ibì kan wà tí wọ́n ti lẹ awọ mọ́ gbogbo ẹsẹ̀ yíká, tí wọ́n sì tún ṣí i kúrò. Ẹsẹ̀ aboyún ni. Ibì kan wà tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti tẹ́ nítorí ìdúró. Lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, wọ́n ti kọ́ kókó kan. Gọ́ọ̀mù ibẹ̀ ṣì ń rùn.

"Ta ló fún yín ní ìwọ̀n eléyìí?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi. Ó máa ń kọjá láàárọ̀." Ó tọ́ka sí fèrèsé. "Tó bá dé ibi ọ̀pá iná yẹn, á dúró díẹ̀. Láti oṣù kejì ló ti ń dúró."

"Ẹ ò jáde lọ bá a?"

"Kí n sọ kí ni?" Oníbàtà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹsẹ̀ onígi náà. "Èmi rò pé tí bàtà bá ti bá èèyàn lẹ́sẹ̀ mu, onítọ̀hún ti gbọ́."

*

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ọ́fíìsì Lọ́yà ni Tọ́ọ̀ṣì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Abẹ́rẹ́. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

Lọ́yà ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Adájọ́ kò tíì mọ̀ pé a ti rí wọn. Ìyá, tí a bá dákẹ́ di ọ̀la... mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń wí."

"Tí adájọ́ bá bi mí, mi ò ní purọ́," ni Tọ́ọ̀ṣì wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbé iṣẹ́ fún mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ sọ fún yín."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ mi, ti ta ni lójú òfin?"

"Ó gbẹ́ ẹ kó tó fẹ́ yín, nítorí náà tirẹ̀ ni," ni Lọ́yà wí. "Àfi tó bá jẹ́ pé ó fi ta yín lọ́rẹ. Ìyẹn, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti jáde."

Obìnrin náà dìde.

Ojú títì kún fún àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró síbẹ̀. Oníbàtà ti dìde kí wọ́n tó wọlé. Bóyá ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ohun tó wà lórí tábìlì.

"Mo rò pé ẹ ti fi dáná," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

"Báwo ni màá ṣe fi dáná?"

"Mo fẹ́ bi yín léèrè kan, Ọ̀gá, ẹ má kan ìṣó mọ́ nǹkan kan kí ẹ tó dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ tí ẹ gbẹ́ ẹ, ṣé irin iṣẹ́ yín lẹ gbẹ́, àbí ẹ̀bùn lẹ fi ṣe fún mi?"

Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. "Tìẹ ni," ó ní. "Kò tíì sí oníbàárà kankan nígbà yẹn. Ìwọ ni àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́. Tìẹ ni látìbẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀." Omi lé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dúró. Ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn mọ́ àyà. "Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Lọ́la, màá sọ fún adájọ́ pé ẹ ò jí nǹkan kan, pé wọn ò kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rárá. Mi ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Méjìlá ti bàbá yín, ẹ̀yin lẹ ni wọ́n, bí mo tiẹ̀ ti lẹ awọ mọ́ wọn. Méjìdínlógún tí a jọ gbẹ́, ká pín wọn ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Èmi náà máa ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi."

"Ilé ńkọ́?" ọkùnrin náà béèrè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi í láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

"Mi ò ní padà sílé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ ní kọ́ọ̀tù. Ẹsẹ̀ mi yìí, mò ń mú un lọ. Láti òní, tí ẹ bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ń rìn, ẹ má dúró sójú fèrèsé mọ́. Ẹ jáde, kí ẹ bi mí."